Bí Bakitéríà Inú Oúnjẹ Ṣe Ń Bọ́ Lọ́wọ́ Iná, Iyọ̀ àti Yìnyín

Ìbáà jẹ́ sísè, sísá sóòrùn, fífi iyọ̀ sí, rírẹ sómi kó kan tàbí gbígbé sínú fìrísà, ara ìdí tí a fi ń ṣe gbogbo rẹ̀ ni kí bakitéríà má baà ba oúnjẹ jẹ́. Bakitéríà jẹ́ ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí. Sẹ́ẹ̀lì kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí iná tàbí iyọ̀ bá bá wọn, púpọ̀ nínú wọn á kú. Ṣùgbọ́n àwọn kan á kàn dákú ni, àwọn mìíràn á sì sùn lọ láìfarapa. Kíka adákú àti olóorun mọ́ òkú ni ọ̀pọ̀ inú rírun àti èébì fi ń wọlé.

Àwọn tó ń sùn ni Bacillus àti Clostridium, tí wọ́n pọ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, tí wọ́n sì ń bá ìrẹsì, ata gbígbẹ àti ẹran wọ ilé ìdáná. Bí oúnjẹ bá tán fún wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan á kọ́ ohun kan tó dà bí kóró èso sínú ara rẹ̀, èyí tí à ń pè ní sípóò. Èèpo rẹ̀ nípọn, omi inú rẹ̀ sì ti gbẹ dé ìwọ̀n gíga. Kálísíọ̀mù àti ásíìdì kan tó ń jẹ́ dipicolinic ló rọ́pò omi náà, tí àwọn purotéènì kéékèèké sì wé mọ́ DNA rẹ̀ bí ẹni wé ọmọ tuntun. Kì í jẹun, kì í bí sí i. Lọ́dún 1876 ni Ferdinand Cohn, onímọ̀ kan ní Jámánì, kọ ọ́ jáde pé sípóò Bacillus subtilis ń yè nínú omi híhó. Èyí tó wá yani lẹ́nu jù ni pé iná tó pa àwọn aládùúgbò sípóò ló sábà ń jí òun. Bí oúnjẹ bá ti tutù díẹ̀, á la èèpo jáde, kò sì ní sí ẹni tí yóò bá a du oúnjẹ mọ́.

Nítorí sípóò ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń di oúnjẹ tí kò kan sínú agolo ṣe ń jẹ́ kí ìgbóná 121°C dé àárín gbùngbùn agolo fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 3; ìkòkò lásán kò lè gbóná tó bẹ́ẹ̀. Clostridium botulinum ni wọ́n ń sá fún, tí oró rẹ̀ ń rọ iṣan ènìyàn títí kò fi ní lè mí mọ́. Émile van Ermengem ló rí i ní Belgium, lẹ́yìn tí àwọn olórin kan jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ tọ́jú ní abúlé Ellezelles ní December 1895, tí mẹ́ta nínú wọn kú. Ibi tó kan ni kò bá a lára mu: bí pH, ìyẹn òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó, bá ti wà nísàlẹ̀ 4.6, kò lè dàgbà. Ìdí nìyẹn tí ògì tó kan dáadáa kì í fi í ṣe ibùgbé rẹ̀.

Ọ̀nà kan tún wà láti pa sípóò, tí gbogbo ilé wa mọ̀ láìmọ orúkọ rẹ̀. Lọ́dún 1877, John Tyndall, ọmọ Ireland tó ń ṣiṣẹ́ ní London, rí i pé omi tí wọ́n fi rẹ koríko gbígbẹ ṣì máa ń bàjẹ́ bí wọ́n tilẹ̀ sè é pẹ́ títí lẹ́ẹ̀kan. Ó wá ń sè é fún ìgbà díẹ̀, ó ń dá a dúró, ó tún ń sè é, kò sì bàjẹ́ mọ́. Sípóò tó jí láàárín kò ní èèpo mọ́. Iná tó tẹ̀ lé e ló ń pa á. Ṣé kì í ṣe ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe nìyẹn, tí wọ́n ń gbé ọbẹ̀ kaná láàárọ̀ àti lálẹ́? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ṣùgbọ́n ìgò Tyndall wà ní dídé, ìkòkò ọbẹ̀ sì ń ṣí, ṣíbí ń wọ̀ ọ́, ọwọ́ ń kàn án. Staphylococcus aureus tó ń gbé nínú imú àti lára wa lè bá ọwọ́ wọ̀ ọ́. Iná tètè ń pa òun fúnra rẹ̀, àmọ́ oró tó ti tu sílẹ̀ kì í bá a kú. Oró Bacillus cereus inú ìrẹsì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: 121°C fún wákàtí kan àti ààbọ̀ kì í bà á jẹ́.

Ìkòkò ńlá òde ìnáwó ni ti Clostridium perfringens. Ọbẹ̀ inú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ kì í tètè tutù, híhó sì ti lé afẹ́fẹ́ tí bakitéríà yìí kò fẹ́ jáde. Ní nǹkan bí 43°C sí 47°C, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Alásè tó bá bu ọbẹ̀ sínú abọ́ fẹ̀ǹfẹ̀ kó lè tètè tutù ti gba èrò púpọ̀ là.

Kí á má sì bá sípóò jà jù, òun náà ló fún wa ní irú. Wọ́n á se kóró rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, wọ́n á bó o, wọ́n á tún un sè, wọ́n á fi ewé bò ó. Ẹnikẹ́ni kò da ohun kankan sí i kó tó wú, kó tó máa rùn, torí Bacillus subtilis tí sípóò rẹ̀ yè, tàbí tó wà lára ewé àti igbá, ló ń ṣiṣẹ́ náà.

Salmonella, E. coli àti Listeria kò ní sípóò. Dídákú ni tiwọn. Iná tàbí yìnyín á ya awọ ara sẹ́ẹ̀lì wọn, á sì ba díẹ̀ nínú ohun inú rẹ̀ jẹ́. Bí ilé àyẹ̀wò bá gbé irú rẹ̀ sórí oúnjẹ àyẹ̀wò tó ní iyọ̀ tàbí omi òróòro, kò ní hù, wọ́n á ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí ó bá tún ara rẹ̀ ṣe fún wákàtí mélòó kan nínú oúnjẹ tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, á tún hù. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń wá Salmonella fi máa ń kọ́kọ́ rẹ oúnjẹ náà sínú omi oúnjẹ bakitéríà kan tó ń jẹ́ pẹptónì fún nǹkan bí wákàtí 18 ní 37°C, kí adákú lè jí kí wọ́n tó wá a.

Ìyà kékeré sì máa ń kọ́ wọn ní ìfaradà. Salmonella tó ti fara da ekan díẹ̀ máa ń fara da ekan tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àti ìgbóná àti iyọ̀ pàápàá. Nínú ohun gbígbẹ tó ní ọ̀rá púpọ̀, ìgbóná kì í fi bẹ́ẹ̀ pa á: lọ́dún 2008 sí 2009, bọ́tà ẹ̀pà mú àwọn tó ju 700 lọ ṣàìsàn ní Amẹ́ríkà. Listeria ní tirẹ̀ kò ka òtútù fìríìjì sí, ó ń dàgbà nínú rẹ̀. Ní South Africa lọ́dún 2017 sí 2018, ẹran lílọ̀ tí wọ́n ń pè ní polony kó o bá ènìyàn tó ju 1,000 lọ, ó sì pa ju 200 nínú wọn.

Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí oúnjẹ sísè má ju wákàtí 2 lọ níta, kí tútù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ 5°C, kí gbígbóná rẹ̀ ju 60°C lọ. Tí iná bá lọ, tí ẹran inú fìrísà yọ́ pátápátá tó sì ti wọ́ọ́rọ́, ẹ má dá a padà sínú rẹ̀. Ìrẹsì tó sì sùn mọ́jú lórí tábìlì, ẹ má dín in, ẹ dà á nù.