Bí A Ṣe Ń Ka Àwọn Tó Ní HIV, Láti Ọ̀dọ̀ Aboyún Dé Ojúlé

Ọdún 1991 tí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́ náà ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwádìí wo bí kòkòrò HIV ṣe tàn ká Nàìjíríà. Láti 1986 ni wọ́n ti kéde pé àrùn éèdì ti wọ̀lú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ní irọ́ ni, títí di oṣù kẹjọ 1997 tí Fẹlá kú, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, sì sọ ọ́ ní gbangba pé àrùn náà ló pa á.

Ta ni wọ́n ń yẹ̀ wò? Aboyún ni. Bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ aboyún nílé ìwòsàn fún àyẹ̀wò mìíràn, ìyókù ni wọ́n fi ń wá HIV, láìkọ orúkọ sí i. Ní 1991, 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní i. Ní 2001, ó di 5.8, ní 2014, ó wálẹ̀ sí 3.0. Àwa oníwèé ìròyìn á sì kọ ọ́ gàdàgbà bí ẹni pé gbogbo ará ìlú ni wọ́n kà. A jẹ̀bi. Ọkùnrin kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin Òṣogbo tàbí Iléṣà tó bímọ sílé agbẹ̀bí ìjọ kò sí níbẹ̀.

Ìwádìí 2018 ló kan ilẹ̀kùn ojúlé, tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ nǹkan bí 200,000 ènìyàn wò. Èsì jáde ní oṣù kẹta 2019: 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ọdún 15 sí 49. Ìdajì 2.8 tí wọ́n ti ń fojú dá nìyẹn. Àrùn kọ́ ló lọ lóru ọjọ́ kan. Ọ̀nà ìkà ló yí padà.

Ìwé ilé ìwòsàn tún ní àdììtú tirẹ̀. Nígbà tí oògùn di ọ̀fẹ́ ní 2006, àwọn tó ń sá fún àyẹ̀wò rí ìdí láti jáde, iye tí a rí sì lè pọ̀ sí i láìjẹ́ pé àrùn ń gbilẹ̀. Ẹni tó ń gbé Òkè-Baálẹ̀ lè wọkọ̀ lọ gba oògùn ní Iléṣà kí aládùúgbò má baà rí i. Iléṣà ni wọn yóò kà á mọ́. Òfin 2014 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yà á sọ́tọ̀, síbẹ̀ ó ń wọkọ̀.

Ní oṣù kìíní 2025 tí Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ dúró, oògùn ni gbogbo wa pariwo lé lórí. Ẹni tó ń kọ orúkọ sínú ìwé náà, owó yẹn kan náà ni wọ́n fi ń san owó oṣù ọ̀pọ̀ nínú wọn.