Ta Ni Ọ̀dàlẹ̀? Ìyapa Ẹgbẹ́ Kọnsáfétífù ní Bìrìtéènì, 1846

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí a kì í fi ṣeré: ọ̀dàlẹ̀. Ẹni tí ó bá ba májẹ̀mú jẹ́ ni à ń pè bẹ́ẹ̀, a sì gbà pé ẹni tí ó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí májẹ̀mú méjì bá forí gbárí ńkọ́? Ìbéèrè yìí ni ó fọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Kọnsáfétífù ilẹ̀ Bìrìtéènì sí méjì ní ọdún 1846.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn: láti tọ́jú ohun tí a bá nílẹ̀ ni, bí i ipò ọba, Ìjọ Áńgílíkà àti ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀. Lára ohun tí wọ́n ń dáàbò bò ni Òfin Ọkà ti ọdún 1815, èyí tí kò jẹ́ kí àlìkámà ilẹ̀ òkèèrè wọlé ní owó pọ́ọ́kú. Ó ṣe onílẹ̀ láǹfààní, ó sì ni òṣìṣẹ́ tí ń ra búrẹ́dì lára. Nígbà ìdìbò ọdún 1841, ọ̀pọ̀ olùdíje ẹgbẹ́ náà ṣèlérí fún àwọn àgbẹ̀ pé àwọn yóò dáàbò bo òfin náà. Wọ́n borí, Sir Robert Peel sì di olórí ìjọba.

Láti 1842 ni Peel ti ń dín owó ibodè kù díẹ̀díẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ sì ń kúrò lẹ́yìn Òfin Ọkà. Ní 1845, àrùn kọlu ọ̀dùnkún, tí í ṣe oúnjẹ òòjọ́ àwọn tálákà ilẹ̀ Ireland. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ní oṣù Kìíní 1846, Peel gbé àbá kalẹ̀ ní Ilé Aṣòfin pé kí a fa òfin náà tu. Lójú rẹ̀, ìjọba ni òun ń ṣe fún Ọbabìnrin àti gbogbo ìlú, kì í ṣe fún ẹgbẹ́ nìkan. Ó gbà pẹ̀lú pé kí ilé má baà wó, ó sàn kí a yọ òpó tí ikán ti jẹ.

Àwọn méjì ni ó ṣíwájú àwọn tí ó takò ó: Lord George Bentinck, tí a mọ̀ mọ ẹṣin eré ìje ju ọ̀rọ̀ sísọ nílé aṣòfin lọ, àti Benjamin Disraeli, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ. Nínú *Coningsby*, ìwé tí Disraeli tẹ̀ jáde ní 1844, ó ti ń béèrè ohun tí ẹgbẹ́ yìí ń tọ́jú gan-an. Àríyànjiyàn wọn kọjá iye owó ọkà. Wọ́n ní bí olórí bá fi ìlérí kan gba ìbò, tí ó wá fi agbára ìbò náà ṣe iṣẹ́ tí àwọn alátakò ń fẹ́, kí ni ìdìbò wúlò fún? Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni Duke ti Wellington. Òun kò rí ìdí tí a fi ní láti pa Òfin Ọkà rẹ́, síbẹ̀ ó ṣíwájú àbá náà ní Ilé àwọn Ọlọ́lá, nítorí pé kí ìjọba má baà dàrú jẹ ẹ́ lógún ju èrò ara rẹ̀ lọ.

Ní oṣù Karùn-ún, Ilé Aṣòfin gba àbá náà pẹ̀lú ìbò 327 sí 229. Ìbò àwọn alátakò ni ó gbé Peel lékè: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó kọ̀yìn sí i lé ní 200, àwọn tí ó tẹ̀ lé e sì fi díẹ̀ lé ní 100. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà, òru ọjọ́ kan náà tí Ilé àwọn Ọlọ́lá parí iṣẹ́ lórí àbá ọkà, àwọn tí inú ń bí nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ dara pọ̀ mọ́ àwọn alátakò láti ṣẹ́gun rẹ̀ lórí àbá òfin ọwọ́ líle fún Ireland. Ó fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà. Òfin tuntun náà kò sì gba Ireland là. Bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ni ìyàn àti àìsàn pa kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí padà. Ní ìparí 1847, Bentinck dìbò kí àwọn Júù lè wọ Ilé Aṣòfin. Inú bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì kúrò ní ipò olórí. Ẹni tí ó bá Peel jà nítorí ẹgbẹ́ ni ẹ̀rí ọkàn tirẹ̀ yà kúrò lọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Ní 1852, Disraeli fúnra rẹ̀ pa ìjà Òfin Ọkà tì. Gladstone àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn Peel mìíràn bá àwọn Whig dá ẹgbẹ́ Líbẹ́rà sílẹ̀ ní 1859. Ẹgbẹ́ Kọnsáfétífù kò sì tún ní ọ̀pọ̀ ìjókòó tí ó dá dúró nílé aṣòfin títí di 1874.

Èrò tèmi ni pé Peel jàre lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ó sì jẹ̀bi lórí ọ̀rọ̀ ènìyàn. Olórí lè yí èrò padà. Ìwà ọlọ́gbọ́n ni nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ó jẹ àwọn tí ó tẹ̀ lé e ní gbèsè àlàyé, kí ó jókòó tì wọ́n, kí ó sì fi sùúrù yí wọn lọ́kàn padà. Peel, ẹni tí kì í fẹ́ bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe wọlé-wọ̀de, kò san gbèsè yìí. Àwọn tí ó takò ó, ní tiwọn, fi ìbínú gbẹ̀san, wọ́n sì pàdánù ọ̀pọ̀ ìjókòó tí ó dá dúró nílé aṣòfin fún nǹkan bí ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, nítorí òfin tí àwọn fúnra wọn kò dá padà. Kí a tó pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀dàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè májẹ̀mú tí ó bà jẹ́, àti èyí tí ó ń gbìyànjú láti pa mọ́.