Sẹ́ẹ̀lì Méjì Nínú Ẹ̀jẹ̀ Kan: Iṣẹ́ Luzzatto Lórí G6PD ní Ìbàdàn, àti Àkókó Tí A Kò Kà Mọ́ Ọn

Yunifásítì Ìbàdàn ni Lucio Luzzatto, ọmọ Ítálì tí wọ́n bí ní Genoa ní 1936, ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tó gbajúmọ̀ lórí ibà àti G6PD, ẹ́ńsáìmù kan nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, láàárín 1964 sí 1974. Lẹ́yìn rẹ̀ ló ṣiṣẹ́ ní Naples, London àti New York, kó tó tún padà sí Áfíríkà, sí Dar es Salaam. Iṣẹ́ Ìbàdàn yìí ni àwọn tó tẹ̀lé e ṣì ń gbọ́ lódì.

Ní 1972, Bienzle, Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sọ pé obìnrin tó ní jíìnì G6PD pípé kan àti aláìpé kan ní ààbò lọ́wọ́ ibà, pé ọkùnrin tí tirẹ̀ jẹ́ aláìpé kò ní in. Ní 1995, Ruwende àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn ọmọ Gáńbíà àti Kẹ́ńyà jiyàn pé tọkùnrin tobìnrin ló ní in. Ní 2007, Guindo àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Málì sọ pé ọkùnrin nìkan ni. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń kọ̀wé bí ẹni pé ẹ̀rí Ìbàdàn ti wó. Kò wó. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ da nǹkan méjì pọ̀: ìyàtọ̀ láàárín ènìyàn kan sí èkejì, àti ìyàtọ̀ láàárín sẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì nínú ara ẹnì kan ṣoṣo.

Orí kírómósóòmù X ni jíìnì G6PD wà. X kan ni ọkùnrin ní. Bí jíìnì orí rẹ̀ bá jẹ́ aláìpé, gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ ló jẹ́ aláìpé. Obìnrin ní X méjì, ṣùgbọ́n bí onímọ̀ jíìnì Mary Lyon ti là á sílẹ̀ ní 1961, ọ̀kan a máa dákẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tó bá jogún pípé lọ́dọ̀ òbí kan, tó sì jogún aláìpé lọ́dọ̀ èkejì, yóò wá ní oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì nínú ẹ̀jẹ̀ kan náà. Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Luzzatto, Usanga àti Reddy yẹ̀ wò fún àpilẹ̀kọ wọn nínú Science ní 1969. Wọ́n ka kòkòrò ibà inú oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lára àwọn obìnrin tí ibà ń ṣe. Inú sẹ́ẹ̀lì pípé ni kòkòrò pọ̀ sí, ní ìlọ́po 2 sí 80.

Kò sí ẹ̀rí tó mọ́ jù èyí lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Oúnjẹ, ẹ̀fọn, oògùn, ọjọ́ orí: gbogbo ohun tó lè da ìṣirò rú bí a bá fi ọmọ ilé kan wé ọmọ ilé mìíràn, ọ̀kan náà ni wọ́n jẹ́ fún sẹ́ẹ̀lì méjèèjì. Ọ̀tọ̀ ni kí kòkòrò má lè gbilẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀tọ̀ ni kí ibà má lè gbé ọmọ dé bèbè ikú. Ìbéèrè kejì ni Ruwende àti Guindo bi. Ìdáhùn rẹ̀ lè yí padà láti ìlú dé ìlú, kí ti 1969 má sì yẹ̀.

Luzzatto fúnra rẹ̀ ní àlàyé kan fún ìyàtọ̀ tí iṣẹ́ 1972 rí láàárín ọkùnrin àti obìnrin. Ní 1985, òun àti Usanga fi hàn nínú Nature pé bí kòkòrò bá pẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì aláìpé, á bẹ̀rẹ̀ sí ṣe G6PD tirẹ̀. Lára ọkùnrin aláìpé, kòkòrò ráyè kọ́ ọ. Lára obìnrin elésẹ́ẹ̀lì méjì, bó ti ń bọ́ sínú pípé ló ń bọ́ sínú aláìpé, bóyá kò sì ní ráyè. Àlàyé yìí bá àbájáde 1972 mu, bí kò tilẹ̀ bá ti Málì mu.

Irú àìpé tó wà níbì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Ìyípadà 202A ni ọ̀pọ̀ olùwádìí ń wá, ṣùgbọ́n 968C wà ní Gáńbíà àti Sẹ̀nẹ̀gà pẹ̀lú. Ẹni tó bá wá 202A nìkan níbẹ̀ yóò ka àwọn aláìpé kan mọ́ pípé.

Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ fi Ìbàdàn ṣojú Àkókó, agbègbè Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Iṣẹ́ HapMap lórí ìyàtọ̀ inú jíìnì ènìyàn, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005, gba ẹ̀jẹ̀ 90 Yorùbá ní Ìbàdàn, ìdílé 30 ti bàbá, ìyá àti ọmọ. Orúkọ tí wọ́n fún àkójọ náà dárúkọ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lò ó ti gé e kù sí "Yorùbá". Yorùbá ni Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ń sọ lóòótọ́. Síbẹ̀, Àrìgìdì tó wà nítòsí Ìkàrẹ́ ní èdè tirẹ̀, èdè Akpes wà ní Ìkáràm, Ukaan sì wà ní Auga. Ó ṣeé ṣe kí ìgbéyàwó láti ìlú dé ìlú ti pa ààlà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ́ tipẹ́. Àmọ́ agbègbè tí èdè pọ̀ tó báyìí kò yẹ ní èyí tí a ń fi iye ìlú mìíràn kà.

Àǹfààní kí a ka Àkókó fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti ìwé nìkan. Káńfọ̀ tí a ń kó sáàárín aṣọ ọmọ lè fa ibà pọ́njú tó le fún ọmọ tuntun tí G6PD rẹ̀ kò pé, oògùn primaquine sì lè ba ẹ̀jẹ̀ aláìpé jẹ́. Àárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ni Yunifásítì Adékúnlé Ajásìn wà, ní Àkùngbá. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n tún iṣẹ́ 1969 ṣe, kí wọ́n kọ ìlú bàbá àti ìlú ìyá ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí àwọn ilé ìwòsàn Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà sì máa yẹ G6PD ọmọ tuntun wò kí ìyá tó gbé e relé.