Ilé-Kéwú àti Àárẹ̀ Ọkàn Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹni tí ó bá ń kọjá lẹ́bàá ilé-kéwú ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Ṣakí yóò ti gbọ́ ohùn àwọn ọmọ kí ó tó rí wọn. Wàláà oníkálukú wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ń ké e ni. Ẹni tí ó bá gbàgbé, ohùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò rán an létí. Pàṣán kì í jìnnà, a kò ní fi èyí pamọ́. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó ń dá nìkan kàwé.

Ní 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tí ó ti bá Adéoyè Lámbò ṣiṣẹ́ ní Arò, l'Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà fúnra wọn ń pè ní brain fag. Orí wọn a máa gbóná, ojú wọn a máa ṣomi, ohun tí wọ́n bá sì kà kò ní yé wọn. Prince ro pé ìlànà ẹ̀kọ́ àwọn Òyìnbó ni ó fà á, èyí tí ó mú kí ọmọ tí a tọ́ láàárín agbo máa dá jókòó ti ìwé. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò gba àlàyé yìí tán. Èmi náà kò gbà á tán, nítorí àárẹ̀ yìí ń ṣe àwọn ọmọ Òyìnbó pàápàá níbi tí mo ti kàwé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àdáwà tí ó sọ kì í ṣe ohun tí a lè gbá dànù.

Lámbò ti mọ èyí ṣáájú. Láti 1954 ni ó ti ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn rẹ̀ wọ̀ sí àwọn abúlé tí ó yí Arò ká pẹ̀lú ẹbí wọn, dípò kí a tì wọ́n mọ́lé. Láàárín àwọn Mùsùlùmí, ìmọ̀ yìí tilẹ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abu Zayd al-Balkhi, tí ó kú ní 934, kọ ìwé lórí ìtọ́jú ara àti ọkàn. Ó ya ìbànújẹ́ tí a mọ ìdí rẹ̀ sọ́tọ̀, èyí tí ọ̀rọ̀ ìtùnú lè wò. Èyí tí a kò rí ìdí rẹ̀, ó ní inú ara ni ó ti wá, ó sì ń fẹ́ oògùn.

Ìyàtọ̀ yìí ni ó yẹ kí àwọn ààfáà wa mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí oorun ti dá lójú rẹ̀ nítorí ìdánwò sábà máa ń tọ ààfáà lọ kí ó tó tọ dókítà lọ, àdúà àti ẹni tí yóò gbọ́ tirẹ̀ kì í sì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń ti aláìsàn mọ́lé lórúkọ ẹ̀sìn. Súrà An-Nísáì sọ nípa aláìmòye pé oúnjẹ, aṣọ àti ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ tọ́ sí i. Kò mẹ́nu ba ẹ̀wọ̀n. Ní oṣù kọkànlá 2019, àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn 259 jáde nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Òjóò, n'Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ Ìsẹ́yìn tí ó gba ọ̀nà Mọ́níyà ń kọjá lọ sí yunifásítì.