Lẹ́tà láti Pisa: Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ àti Ìdọ̀tí Olóró ní Koko

Nígbà ìsinmi kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ìlú Ẹ̀pinmì ní Àkókó ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀. Àwọn kan nínú wọn ń kàwé nítòsí, ní Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin ní Àkùngbá, àwọn mìíràn sì ti ọ̀nà jíjìn wá. Wọ́n ti gbá ọjà, wọ́n ti kó gọ́tà, wọ́n wá fẹ́ mọ ohun tí ó kù tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe kí ilẹ̀ àti omi má baà bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ọmọkùnrin kan nahùn láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, lẹ́yìn ìgbálẹ̀, agbára wo ni akẹ́kọ̀ọ́ ní?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí èmi fúnra mi wà nípò olórí láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìgbálẹ̀ náà ni mo mọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, a kó gbogbo ọ̀rá píọ̀wọ́tà jọ sí ẹ̀yìn ilé tí à ń gbé, a dáná sun ún, a sì ya fọ́tò. Títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́ ni èéfín náà ń rú. Ìmọ́tótó ni a pè é.

Ìtàn Koko ni mo fi dá ọmọ náà lóhùn.

Èbúté kékeré ni Koko, ní ilẹ̀ Ìṣẹ̀kírì, ní ìpínlẹ̀ Bendel àtijọ́ tí apá ibẹ̀ ti di ìpínlẹ̀ Delta. (Ẹ gbà mí láyè díẹ̀: èdè Ìṣẹ̀kírì sún mọ́ Yorùbá ju èdè àbáláyé Ẹ̀pinmì lọ, ìbátan èdè Ẹ̀dó ni ti Ẹ̀pinmì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn ń sọ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Láàárín ọdún 1987 sí 1988, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ọkọ̀ ojú omi kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lé ní 3,500 tọ́ọ̀nù. Ní Yúróòpù, òfin ti le, owó tí wọ́n fi ń pa irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ run sì ti wọ́n; ní Koko, nǹkan bí 100 dọ́là lóṣù ni oníṣòwò ará Ítálì kan fi háyà àgbàlá bàbá kan. Bàbá náà kò mọ ohun tí ó wà nínú àwọn àgbá náà. Oòrùn pa wọ́n, òjò pa wọ́n, wọ́n sì ń jò.

Ta ni ó tú àṣírí náà? Kì í ṣe aṣọ́bodè, kì í ṣe ìjọba. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tí ó wà ní Pisa ni. Wọ́n rí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ìròyìn Ítálì, wọ́n sì kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn oníwèé ìròyìn nílé. Ní oṣù kẹfà ọdún 1988, ariwo ta. Ìtìjú ńlá ni, nítorí ní oṣù karùn-ún ni Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ṣe ìpinnu ní Addis Ababa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da ìdọ̀tí olóró sí ilẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí ohùn wọn ròkè jù.

Ìjọba Babangida pe aṣojú rẹ̀ wálé láti Ítálì, ó sì gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ Ítálì kan, Piave. Wọ́n kó ìdọ̀tí náà padà sínú ọkọ̀ Karin B àti Deepsea Carrier. Awọ ara àwọn kan nínú òṣìṣẹ́ tí ó kó o jóná. Karin B káàkiri etíkun Yúróòpù, èbúté kan ń lé e sí òmíràn, kí Ítálì tó gba ẹrù rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, Òfin 42 ti sọ ẹ̀wọ̀n gbére di ìjìyà ẹni tí ó bá da irú rẹ̀ sílẹ̀, Òfin 58 sì dá àjọ FEPA sílẹ̀, èyí tí NESREA rọ́pò ní ọdún 2007. Àdéhùn Basel tẹ̀ lé e ní 1989, ti Bamako ní 1991.

Gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ èdè, ohun kan ni mi ò lè gbójú fò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kò ní owó, wọn kò ní ipò, wọn kò sì sí nítòsí Koko. Èdè Ítálì tí wọ́n gbọ́ ni ohun ìjà wọn. Wọ́n ka ohun tí àwọn ará ilé kò lè kà, wọ́n sì rò ó fún wọn.

"Ṣùgbọ́n sà," ni ọmọ náà wí, "kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè Ítálì níbí."

Mo ní kì í ṣe Ítálì nìkan. Láti ọdún 1992 ni òfin ti ní kí a ṣe àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ ńlá yóò ṣe sí àyíká, kí a sì fún ará ìlú láyè láti sọ tẹnu wọn kí ìjọba tó fọwọ́ sí i. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìwé náà, ó máa ń nípọn, àwọn àgbà tí a fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn kò sì lè kà á. Mo bi wọ́n léèrè pé ta ni ó ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí nínú wọn. Kò sí ẹni tí ó nawọ́. Ọmọ ẹ̀yìn náà ní kí n tún ọdún òfin náà pè, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.