Aró, Abẹ́òkúta: Ibi tí Wọ́n ti Ní Kí Ẹbí Bá Aláìsàn Wá

Àwọn olóòtú ní kí àwa nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì nínú ẹgbẹ́ wa kọ nǹkan díẹ̀ nípa iṣẹ́ tí a ṣe láàrin àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ. A rò ó pé ìtàn Aró ló yẹ kí ó ṣáájú, nítorí àwọn ọmọ wa tí a bí síhìn-ín kò mọ̀ nípa Aró ju àwàdà tí àwa òbí ń fi í ṣe lọ. Bí ẹnì kan bá ṣe ohun tí kò yé wa, a ó ní, "Ẹ gbé e lọ sí Aró!" Ará Èkó á ní Yábà. Ẹ̀rín la máa ń fi í rín.

Kí òyìnbó tó dé, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ni wọ́n ń gbé ẹni tí orí rẹ̀ dàrú lọ. Àwọn oníṣègùn wa mọ egbòogi. Gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò láti mú kí ara aláìsàn balẹ̀, kí ó sì lè sùn. Nígbà tó di 1952, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ òyìnbó rí oògùn kan tí wọ́n pè ní reserpine nínú igi ilẹ̀ Íńdíà tó jẹ́ ìbátan asofẹ́yẹjẹ, oògùn náà sì wà nínú tiwa pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n a kò ní fi irọ́ ṣe ìtàn lọ́ṣọ̀ọ́: àwọn kan ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de aláìsàn mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń fi pàṣán nà án.

Ìjọba òyìnbó kò ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé wèrè tí wọ́n ṣí sí Yábà ní 1907, ibi ìtìmọ́lé ni, kì í ṣe ibi ìwòsàn. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1916 ló sọ bí wọ́n ṣe lè ti ènìyàn mọ́ ibẹ̀. Ní 1944, nígbà tí àwọn ọmọ ogun wa kan ti ojú Ogun Hítílà dé pẹ̀lú àìsàn ọpọlọ, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lántòrò, l'Ábẹ́òkúta, ni wọ́n kó wọn sí.

Abẹ́òkúta náà ni wọ́n ti bí Thomas Adéoyè Lámbò ní 1923. Ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Birmingham, ó kọ́ ti àìsàn ọpọlọ ní London, ó sì padà sílé. Ní 1954, ilé-ìwòsàn tí ìjọba ń kọ́ sí Aró kò tíì parí. Ẹlòmíràn ì bá jókòó kí ó máa dúró de kọ́ńtírátọ̀. Lámbò kọjá sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ abúlé tó yí ibẹ̀ ká, ó ní kí wọ́n fi yàrá háyà fún àwọn aláìsàn.

Ó fi ọ̀rọ̀ kan lé e o: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó di dandan kí ẹbí kan bá a wá, yálà ìyá, ìyàwó, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, kí ẹni náà sì máa gbé pẹ̀lú rẹ̀ ní abúlé. Ẹbí náà ni yóò máa se oúnjẹ rẹ̀, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì mú un lọ sí ilé-ìwòsàn ní òwúrọ̀ fún abẹ́rẹ́, oògùn, tàbí ìtọ́jú oníná. Nígbà tí ìtọ́jú bá parí, wọ́n á jọ padà sí abúlé. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti ń yá lè bá onílé lọ sí oko. Kò sí géètì, kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ń lọ bá wọn ní ilé tí wọ́n wọ̀ sí. Owó ilé ń wọlé fún àwọn àgbẹ̀, ilé-ìwòsàn sì ń bójú tó omi àti ìmọ́tótó abúlé. Lámbò tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, kí wọ́n jọ máa ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Ọmọ tó bá ya wèrè nígbà náà, ìtìjú ìdílé ni. Bí wọ́n bá ti lè gbé e sọ sí Yábà, ó ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá ti sun yàrá kan náà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ fún oṣù mélòó kan, tó rí i bí ara rẹ̀ ṣe ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó mọ oògùn tó ń lò, kò sí ẹni tó tún lè sọ fún un pé ọmọ náà kò wúlò mọ́.

Ní 1961, àwọn dókítà láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà àti òkè òkun péjọ sí Abẹ́òkúta láti wo iṣẹ́ yìí. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà bá Aró ṣe ìwádìí, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1963. Nígbà tó di 1973, Lámbò ti di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva. Ó kú ní 2004.

Ní àwọn ọdún tí Aró ń gba ẹbí àti aláìsàn pọ̀ yìí gan-an, àwọn ọ̀dọ́ wa ń wọ ọkọ̀ ojú omi Aureol láti Èkó wá sí Liverpool. Àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ yìí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ń wá nọ́ọ̀sì lójú méjèèjì, pàápàá fún àwọn ilé àìsàn ọpọlọ tí ọmọ onílùú kò fẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣáájú wa ni wọ́n tì sí ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì ti SEN, nígbà tó jẹ́ pé ti ọlọ́dún mẹ́ta ni wọ́n wá ṣe. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ relé ni wọ́n tó mọ̀ pé SEN kò ní iyì kankan lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dun àwọn àgbà wa.

Ohun tí wọ́n bá nínú iṣẹ́ náà yà wọ́n lẹ́nu. Àwọn ilé náà tóbi ju abúlé lọ. Friern ní àríwá London, tí wọ́n ṣí ní 1851, gba ju 2,000 aláìsàn lọ nígbà tó kún jù. (Wọ́n tì í ní 1993, fúláàtì olówó ńlá ló wà níbẹ̀ báyìí.) Ní irú ibẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń fún nọ́ọ̀sì. Ènìyàn lè lo ogún ọdún ní wọ́ọ̀dù láìsí ẹbí tó ń wá wò ó. Àwọn tó ti gbọ́ nípa Aró kí wọ́n tó wọkọ̀ ń bi ara wọn léèrè pé, "Àwọn ènìyàn ẹni yìí dà?"

Nígbà tí ó kan àwa náà, ìbéèrè yẹn ti yí padà sí wa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, wọ́n ń fi òfin dá aláwọ̀ dúdú dúró sí ilé-ìwòsàn ọpọlọ ní iye tó ju ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun lọ. Ọmọ wa wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ń rí orúkọ Yorùbá lára bẹ́ẹ̀dì, tí àkókò ìbẹ̀wò á sì kọjá tí a kò ní rí ẹnì kan. Ẹbí wà ní London níbí. Wọ́n ti sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ ti lọ sí Nàìjíríà. Nàìjíríà tí a ń pè yẹn náà, òfin àtijọ́ ti 1916, pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀, ló ń lò títí di oṣù kìíní 2023 tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun.

Ṣùgbọ́n a rántí ìyá kan. Ojoojúmọ́ ló ń wọ bọ́ọ̀sì méjì wá, pẹ̀lú ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ nínú kúlà. Yóò dúró kí ọmọ rẹ̀ jẹun tán, yóò wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, yóò máa di irun fún un. Nígbà tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nọ́ọ̀sì òyìnbó kékeré kan fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ẹ̀ka wo ni wọ́n ti gba màmá yẹn síṣẹ́.

A ní wọn kò gbà á síṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ni.