Ọ̀rọ̀ Òdì sí Ẹ̀sìn: Ohun tí Ìbàdàn fi Yọ

Nígbà tí wọ́n lu akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan pa ní Sókótó ní oṣù Karùn-ún 2022, tí wọ́n sì dáná sun òkú rẹ̀ lórí ẹ̀sùn pé ó sọ̀rọ̀ òdì sí Ànábì, ó rọrùn ní Ìbàdàn, láti Bódìjà dé Challenge, láti sọ pé irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ṣágámù já wa nírọ́. Ní oṣù Keje 1999, wọ́n pa obìnrin Hausa kan níbẹ̀ nítorí wọ́n ní ó jáde nígbà tí Orò wà níta. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí ṣòfò, ìgbẹ̀san sì dé bá àwọn Yorùbá ní Kánò. Ẹnìkan lè ní èèwọ̀ lèyí, àti ìjà ẹ̀yà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òdì. Òótọ́ ni pé ìkùnsínú ẹ̀yà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkùnsínú mìíràn kì í wọ́n nínú ti Òkè Ọya náà. Nínú méjèèjì, ẹni tí inú ń bí ló fẹ̀sùn kanni, òun náà ló dájọ́.

Ìbàdàn ní tirẹ̀. Láti àwọn ọdún 1950 ni àgbélébùú ti wà nítòsí ilé ìjọsìn Krìstẹ́nì ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní òdìkejì Àgbowó. Mọ́ṣáláṣí dé lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1985, àwọn Mùsùlùmí ní kí wọ́n gbé àgbélébùú náà kúrò, nítorí òun ni ojú wọn ń bá pàdé bí wọ́n bá ń kírun. Àwọn Krìstẹ́nì kọ̀ jálẹ̀. Ní 1986, ọdún tí ọ̀rọ̀ wíwọ̀ tí Nàìjíríà wọ ẹgbẹ́ OIC, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, ti mú ara gbogbo ènìyàn gbóná, àwọn kan dáná sun ère Jésù Olùjíǹde tó wà nínú ilé ìjọsìn náà. Ère ni, kì í ṣe ènìyàn. Ògiri tí wọ́n mọ láti bo àgbélébùú lójú àwọn olùkírun ni wọ́n fi pẹ̀tù sí i. A máa ń sọ pé ìfaradà Yorùbá ló fà á tí ọ̀rọ̀ náà fi mọ síbẹ̀. Lójú tèmi, ìbátan ni: ta ni kò ní ẹ̀gbọ́n ní mọ́ṣáláṣí àti àbúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ṣùgbọ́n ààbò ìbátan kì í dé ọ̀dọ̀ àlejò, bí ti Ṣágámù ti fi hàn.

Òfin ló yẹ kó dáàbò bo àlejò. Àmọ́ abala 204 òfin ìwà ọ̀daràn wa fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì lélẹ̀ fún ohun tí àwùjọ kan bá kà sí àbùkù ẹ̀sìn rẹ̀; ìyẹn ni pé wọ́n fi òṣùwọ̀n lé ẹni tí inú ń bí lọ́wọ́. Àwọn kan á ní bí òfin yìí ò bá sí, àwọn èèyàn á fọwọ́ ara wọn ṣèdájọ́. Òfin irú rẹ̀ wà ní Sókótó, kò dá ẹnikẹ́ni dúró. Ní oṣù Kẹjọ 2023, ọlọ́pàá mú olóòṣà kan ní Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin, lórí ẹ̀sùn pé ó ba àwọn àfáà lórúkọ jẹ́. Ó pẹ́ látìmọ́lé. Mi ò fara mọ́ ẹ̀sùn náà. Síbẹ̀, ó rí adájọ́, ó sì rí agbẹjọ́rò. Obìnrin Ṣágámù kò rí ìkankan.